Kòkó Dúdú Tí Mo Fi Bírò Pupa Fagi Lé

Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní Èrìjìyàn, kíláàsì wa a máa rùn lọ́nà tirẹ̀: òórùn yúnífọ́ọ̀mù tútù, ti ṣọ́ọ̀kì tó ti fa omi, àti ti ẹ̀kọ gbígbóná tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri nígbà tí kò sí gọ́ọ̀mù. N kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fún mi láti kọ́ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ náà tí o ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kí o ní ewé ni igi fi ń se oúnjẹ rẹ̀, kí ogójì ọmọ sì wí i tẹ̀lé ọ bí ẹni pé ìwọ lo dá ewé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa kó sí èèyàn lórí.

Èmi kì í ṣe ọmọ oko. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, láti Ọ̀yọ́ ló ti wá tẹ̀dó sí Àrámọ̀kọ́ kí wọ́n tó bí mi. Òórùn ọ́ìlì ọkọ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ òórùn abẹ́ igi kòkó. Kòkó tí èmi mọ̀ ni èyí tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, àti èyí tó wà nínú àwòrán ńlá tí a fi kọ́ ògiri kíláàsì: èso rẹ̀ yẹ́lò, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

Ní sáà kẹta ọdún yẹn, ìwòye la ń kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé sáyẹ́ǹsì kò le. "Wo nǹkan dáadáa, kí o sì sọ ohun tí o rí gan-an, má fi kún un, má yọ kúrò." Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ní kí oníkálukú lọ wo igi kan ní àyíká rẹ̀, kí a lè yà á ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, kì í sì í dáhùn àfi bí a bá pè é. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, nítorí Adó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ìyá àgbà náà ti ń ṣe bàìbàì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ju òjìji èèyàn lọ. Ní gbogbo Sátidé, ọmọ yìí á di orí ọ̀pá mú, ìyá á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á gba ọ̀nà Ìkògòsì lọ sí oko kòkó tí ọkọ ìyá fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ìyá á jókòó sí ahéré nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ọmọ á rìn yí oko ká, á wá jábọ̀ ohun tó rí. Wọ́n ti sọ èyí fún mi rí. Ó gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Lọ́jọ́ Ajé náà, máńgòrò, ọsàn àti ọ̀pẹ ni àwọn tó kù yà. Òun ya igi kòkó kan ṣoṣo. Ó fi èso sára ìtì igi, bí kòkó ṣe ń so gan-an. Àwọn kan nínú èso náà tutù yọ̀yọ̀. Àwọn kan dúdú dé ìdajì, dúdú náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣónṣó ìdí wọn. Ọ̀kan dúdú tán pátá, ó sì ti fi ìka ra ṣọ́ọ̀kì funfun sí i lára fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyẹ̀fun. Níbi tí èso méjì ti fara kan ara wọn, ó yà á kí dúdú ti ara ọ̀kan máa ràn mọ́ èkejì.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn olùbẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé kí ògiri gbogbo kíláàsì kún fún iṣẹ́ tó dùn ún wò. Mò ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo dúró.

"Kí nìyí?"

"Kòkó ni, Mà."

"Kòkó wo ló dúdú báyìí?"

"Ti ìyá àgbà mi, Mà. Báyìí ló rí."

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún púpọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ń pa irọ́ kò ní rántí fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì sára èso kan ṣoṣo, kó fi àwọn tó kù sílẹ̀. Nǹkan kan ń sọ fún mi pé kí n bi í léèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, mo ti jẹ́wọ́ níwájú ogójì ọmọ àgbẹ̀ pé nǹkan wà nípa kòkó tí tíṣà wọn kò mọ̀. Àwọn kan sì ti ń yíjú wò wá. Mo na ọwọ́ sí àwòrán ara ògiri.

"Àwọ̀ wo lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Yẹ́lò, Mà."

"Ta ló ń pa irọ́ nígbà náà, àwòrán yẹn ni àbí ìwọ?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo mú bírò pupa mi, mo fà á láti igun kan dé igun kejì, mo fún un ní kádíbọ́ọ̀dù mìíràn. Mo ní, "Yà á bó ṣe yẹ."

Ó yà á bó ṣe yẹ. Èso mẹ́fà, yẹ́lò, dọ́gba-dọ́gba. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ọ̀kan nínú àwọn olùbẹ̀wò dúró níwájú kádíbọ́ọ̀dù náà, ó ní, "Èyí dára o," ọ̀gá wa sì wò mí, ó mi orí. Inú mi dùn títí mo fi dé ilé. Mo rántí pé mo ń kọrin bí mo ṣe ń se ọbẹ̀.

Ó lé lọ́sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, òjò kò dá, ni ìyá àgbà náà wá sí ilé-ìwé lásìkò ìsinmi ráńpẹ́. Ọmọ ló fà á lọ́wọ́ wá. Mo gbé àga fún un lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, láti ulé la ti ń bọ̀. Mo ní kí ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí. Ṣé ó ń rí pátákó?"

"Ó ń rí i dáadáa, Ìyá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ló yà sí ahéré láti bu omi mu, ló bá pariwo. Àrùn dúdú ti jẹ kòkó tán. Àwọn èso díẹ̀ tó wà ní ẹ̀bá odò nìkan ló kù tí a lè pè ní kòkó.

"Mo ní ẹni tó máa ń bá mi fín oògùn," ni ìyá wí. "Bí mo bá ti tètè gbọ́, ǹ bá ti ránṣẹ́ sí i. Ọmọ yìí sì ni ojú mi. Gbogbo Sátidé ni mò ń bi í, á ní òun ò rí nǹkan kan. Mo wá ń rò ó pé bóyá irú ojú tèmi yìí ló fẹ́ mú un."

Ọmọ náà dúró tì í, ó ń wo ilẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan. Kò bínú. Ó wò mí bí ọmọ ṣe ń wo tíṣà nígbà tó ń dúró kí a sọ ìdáhùn tó tọ̀nà. Ó yé mi pé kò tíì sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti òun.

Mo ní, "Ojú rẹ̀ dá ṣáká, Ìyá."

Òótọ́ ni. Mo sì dúró síbẹ̀. Mo fi òótọ́ kan bo òótọ́ tó kù mọ́lẹ̀. Ìyá dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n jèrè uṣẹ́ mi. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí a ń jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́. "Kí ló dé tí o ò sọ fún Ìyá àgbà?"

"Ẹ ní irọ́ ni, Mà."

Ó ní nígbà tí òun padà dé oko ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun tún rí i, ó sì ti pọ̀ sí i. Òun fi omi bọ ojú nínú odò, òun tún wò, dúdú náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ló bá gbà pé ojú òun ni kò dára, ẹ̀rù sì bà á láti sọ.

Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n tó lè gbéra. Mo ń sọ fún ara mi pé òjò ọdún yẹn ló pọ̀ jù, pé àrùn náà ì bá tàn kálẹ̀ bó ti wù kó rí. Mo tilẹ̀ lọ bá ẹnì kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, mo bi í bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tètè já àwọn tó ti bàjẹ́ dànù, tí wọ́n sì fín oògùn, èyí tó pọ̀ ni wọn ì bá rí gbà là. Àwáwí ni mo wá lọ, n kò rí i.

Ní Sátidé kan mo gun ọ̀kadà láti Àrámọ̀kọ́. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ èyí tó ti ṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dá ọwọ́ dúró títí mo fi dé ibi tí mo ti ní ọmọ ń pa irọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Mi ò bá yín jà, Tíṣà. Kòkó á tún so. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìnkùlé."

O mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ọmọdé ló ń bẹ àgbà, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ìdàkejì. Ọmọ náà ń fọ bàtà ilé-ìwé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí o yà tọ̀nà. Èmi ni mi ò mọ̀. Má bínú." Ńṣe ló sáré kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ, ẹ̀rù bà á bí ẹni tí mò ń bá wí.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Mo gbé e dìde, mo tún sọ ọ́, ó tún ní kí n má bínú.

Nígbà tó dé kíláàsì ìkarùn-ún, èmi ni mo ṣì ń kọ́ ọ. Kò sí iṣẹ́ ọnà kan tí a ṣe tí kò bi mí pé, "Mà, àwọ̀ wo ni kí n fi kùn ún?" Mo lè gbé òdòdó pupa síwájú rẹ̀, á bi mí. Bí mo bá ní, "Èyí tí ìwọ bá rí," á wo ìwé ẹni tó jókòó tì í kó tó mú kíréyọ̀n. Títí wọ́n fi gbé mi lọ sí Ìjerò ló ń bi mí.

Ọmọ púpọ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá láti ìgbà náà. Bí ọ̀kan bá mú kòkòrò tàbí ewé tí n kò rí rí wá, mo máa ń sọ ọ́ sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́: "Mi ò mọ̀ ọ́n. Níbo lo ti rí i? Jẹ́ ká jọ wò ó." Àwọn olùkọ́ kéékèèké máa ń yìn mí nítorí rẹ̀, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi pọ̀. N kì í dá wọn lóhùn. Wọn kò mọ̀ pé gbólóhùn kékeré yẹn ni n kò lè sọ lọ́jọ́ kan ní Èrìjìyàn, àti pé ẹlòmíràn ló jìyà kí n tó kọ́ ọ.