Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Mo-ti-gbọ́ ni wọ́n ń pè é níléeṣẹ́ káfíńtà tó ti ń kọ ètò fún ẹ̀rọ tó ń gé pákó. Ohunkóhun tí ìyàwó ẹ̀ bá sọ lórí fóònù, èsì kan náà ni: "Mo ti gbọ́." Irọ́ gbuu! Kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Scheme ló fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà lásán ló ń tò fún un, títí ó fi gbé òró sípò ìbú, tí ẹ̀rọ gé ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Láti ìgbà náà, orúkọ ló ń fi síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbàgbé ọ̀kan nínú ètò bẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tó ti wà nílẹ̀ ni ẹ̀rọ á lò.

Oyún ìyàwó ẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ, Màmá ìyàwó sì ní àwọn ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Màmá ga bí òpó iná. "Bí ẹsẹ̀ mi bá tún yọ síta bẹ́ẹ̀dì bíi ti ọjọ́sí, ilé mi ni mò ń padà sí," wọ́n ní.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gùn," ìyàwó bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè bímọ láìsí Màmá nítòsí."

"Mo ti gbọ́."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí! Ó kọ ọ́ pé: gígùn, igba ó lé ogún sẹ̀ǹtímítà. Àṣé òró ni orúkọ tí ètò mọ̀, kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ gígùn. Oríṣiríṣi Scheme ló wà. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ì bá ti pariwo pé òun ò mọ orúkọ yìí rí. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sí kì í bá èèyàn jà: á gbójú fò ó, á lo ìwọ̀n tó wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó to pákó náà pọ̀ nínú yàrá, Màmá dúró tì í tàwọn ti báàgì wọn. Wọ́n sùn sórí ẹ̀ wò. Láti orúnkún ni ẹsẹ̀ wọn ti já sílẹ̀.

Omi bọ́ lójú ìyàwó. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́.

"Màmá, mo sọ fún ẹ̀rọ o! Kò gbọ́, kò sì sọ pé òun ò gbọ́. Ohun tó ti wà lọ́kàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe!"

Ìyàwó nu ojú, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í tikùntikùn. "Màmá, ọdún mẹ́fà rèé témi àti irú ẹ̀ ti jọ ń gbélé."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di bẹ́ẹ̀dì mú. "Ó dáa, mi ò lọ mọ́. Èmi àtọmọ mi á máa sùn ní yàrá yín. Ìwọ, ọkọ ọmọ mi, ibí lo ó máa sùn títí ọmọ á fi dé. Ṣé o gbọ́?"

Ó fẹ́ sọ pé "Mo ti gbọ́," ó sì gbé e mì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ tún un sọ."