Ìbú Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Adabraka, kì í ka ìwé ìròyìn láìṣẹ́ ẹ po tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé kéú ló ti kọ́ ìwé kíkà, lórí wàláà, pátákó ìkọ̀wé tí kò fẹ̀ rárá. Ó máa ń ní: "Ìlà kúkúrú kì í jẹ́ kí ojú ṣìnà."

Lọ́jọ́ tí mo ṣí búlọ́ọ̀gì mi hàn án nílé rẹ̀ ní Lagos Town, àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Adabraka, ìlà ibẹ̀ gùn láti etí kọ̀ǹpútà dé etí kejì. Kò tíì kà á jìnnà tí ìlà fi pòórá mọ́ ọn lójú. Inú bí i.

"Ṣé ọkọ̀ trotro ni ojú mi ni, tó máa lọ Lapaz tó tún máa bọ̀?"

"Màámi, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí mo bá dín in kù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣófo."

"Jẹ́ kó ṣófo! Ṣé gbogbo ayé lo pè wá kà á, àbí èmi?"

Ó na ọwọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà, láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù. Mo dín ìlà kù títí ó fi bá ọwọ́ náà mu. Ó kà á tán pátá.

Ó ti kú báyìí. Àwọn òǹkàwé ṣì ń kọ̀wé sí mi pé mo ń fi àyè ṣòfò. Kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Ọwọ́ yẹn ò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà mi náà ò sì ní fẹ̀.