Ilẹ̀ Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Mi Wọ̀n

Mo rántí ìgbà tí eruku oko kì í tán lára bàtà mi. Yàrá kan ni mo háyà ní Agbowó nígbà náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí àwọn àgbẹ̀ olóko kéékèèké ṣe ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo ti wọkọ̀ lọ sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú, pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lábíyá. Mo gbà pé ìwé tí mo fẹ́ kọ ni yóò tún ayé àwọn àgbẹ̀ ṣe, èmi tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn gbin ẹ̀gẹ́, orí igi ẹ̀gẹ́ ni mo dà kọlẹ̀. Gbogbo oko ló rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan ló gbà mí sílé níbẹ̀. Opó ni wọ́n, Tíṣà ni wọ́n sì ń pè mí. Àwọn àgbààgbà abúlé ò kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lóhùn, wọ́n ní ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ kiri, ilẹ̀ ló fẹ́ gbà. Mo búra fún wọn pé ìwé lásán ni. Ìyá àgbà ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìyá àgbà fúnra wọn ló mú mi yí gbogbo ààlà ká, tí mo ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, tí mo ń yà á sínú ìwé. Nígbà tí a dé ibi tí igbó ti bò, wọ́n dúró.

“Ilẹ̀ yìí ń sinmi ni. Ẹ̀gẹ́ ti fa ọ̀rá ara rẹ̀ tán. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń sinmi.”

Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, bàbá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Nígbà tí bàbá tó bí mi kú, àwọn àtìyàwó wọn ló dúró tì mí títí a fi sìnkú tán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé wọn ní Bódìjà ni mo ti ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n fi gbogbo àwòrán ilẹ̀ náà ránṣẹ́ kí àwọn lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àtorúkọ àtààlà, mo fi ránṣẹ́.

Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sípàdé kan ní Onírèké, kí n bá àwọn gbé kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ dá oko ńlá ni. Wọ́n pa iná yàrá, àwòrán mi sì yọ lára ògiri. Gbogbo ibi tó ń sinmi ni wọ́n ti kùn ní pupa. Ọ̀gá mi fi ọ̀pá tọ́ka sí i, wọ́n ní, “Ilẹ̀ òfìfo nìyí. Ẹnikẹ́ni ò lò ó.” Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ilẹ̀ yẹn ń sinmi ni. Ó ní ẹni tó ni ín.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n fèsì, ohùn wọn tutù. “Ìwé rẹ wà lórí tábìlì mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ buwọ́ lù ú. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di wàhálà.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dákẹ́, tí mo ń dúró de ìbuwọ́lùwé. Nígbà tí mo wá dé abúlé, ilé-iṣẹ́ náà ti ri èèkàn káàkiri, katapílà sì ti wà nínú oko. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn.

“Tíṣà, ṣé ìwọ lo júwe ibi tó ń sinmi fún wọn?”

“Ìyá, èmi kọ́ ni mo gbé e fún wọn.”

“N ò béèrè ẹni tó gbé e fún wọn.”

Lọ́jọ́ kejì, mo kó ìwé ìbéèrè tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo bá àwọn àgbààgbà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo sì jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà ní àwọn tó ni ín. Wọ́n yọ ti Ìyá àgbà àti ti ẹni méjì sílẹ̀. Ìyókù lọ. Ọ̀gá mi ò buwọ́ lùwé mi mọ́. Àwọn èèyàn ẹ̀ka wa ní yunifásítì sọ pé mo jẹun tán, mo fọ́ àwo. Olùkọ́ mìíràn ló gbà mí, ọdún méjì gbáko ló sì bá a lọ.

Lónìí, èmi náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, Baṣọ̀run ni mo sì ń gbé. Kò tíì pẹ́ tí mo pàdé ọ̀gá mi ní Bódìjà, wọ́n ti ń tẹ̀pá. “Ọmọ mi, o ò wá wò wá mọ́,” ni wọ́n wí, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bí mo bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ́kàn mi, mo máa ń dé orí ọ̀sẹ̀ kan yẹn, n ó sì dúró, torí kò sẹ́ni tó fi agídí pa mí lẹ́nu mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo yà ní abúlé náà. Ilé Ìyá àgbà wà ní títì. Aládùúgbò wọn kan ló sọ fún mi pé wọ́n ti sin wọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn, pé àwọn ọmọ wọn tó wà lókèèrè pàápàá wálé, gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Nọ́ńbà fóònù mi tó wà lọ́wọ́ wọn ò yí padà rí, kò sì sẹ́ni tó pè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, n ò sì béèrè ìdí.