Ẹni Tó Ń Ka Ọ̀rọ̀ Kọ̀ǹpútà Sókè

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í sáré pa ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ síwájú rẹ̀ rẹ́. Á kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama l'Áràmọkọ. Bí wọ́n bá ní nǹkan bàjẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná."

Nígbà tí mò ń parí ẹ̀kọ́ máásítà, mo ya àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ káàkiri oko Ìlógbò, kí n lè kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àrùn mọ̀. Láàpútọ́ọ̀pù mi kò lágbára tó láti ṣe é. Yunifásítì mi fún mi láyè lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nótúbúùkù, ojú ìwé orí láàpútọ́ọ̀pù mi tí mo ń kọ àṣẹ sí, kọ̀, kò so mọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sì ń retí èsì. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù náà lọ bá ìyàwó wa l'Áràmọkọ, mo sì bú sẹ́kún níwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ sún mọ́bí." Ó ka ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ sókè. "Ó ní òun dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún yín ńkọ́?"

"Fáìlì tí wọ́n fi ń wọlé yẹn? Ó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù mi àtijọ́."

Mo gbé ti àtijọ́ jáde nínú báàgì, a da fáìlì náà kọ sínú tuntun, a tún gbìyànjú, ìlẹ̀kùn sì ṣí. Àwòrán ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí àwọn kọ̀ǹpútà Ìbàdàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá jẹyán," ló wí.

Iṣẹ́ ń lọ n'Ìbàdàn, àwa jókòó ti ọbẹ̀ l'Áràmọkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́sẹ̀ náà tí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.