Alágbe Tí Bàbá Mi Dìde Fún

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ lọ́dún tí Nàìjíríà gbòmìnira. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí o!

Rájí lorúkọ ẹni tí ọkàn mi yàn. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, á gbé fèrè rẹ̀, á lọ bá ẹgbẹ́ olórin háíláìfù. Bàbá mi, tó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Òjé, kò rí káfíńtà kankan lára rẹ̀. Alágbe ló rí! Ó búra níwájú gbogbo agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà pé ọjọ́ tí òun bá dìde dúró nítorí alágbe ni Rájí yóò fẹ́ mi. Ta ni ò mọ̀ pé bàbá mi kì í dìde fún ẹnikẹ́ni? Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìgbà tí ọjọ́ òmìnira pé, wọ́n pe àwọn oníṣòwò Òjé sí ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè. Bàbá mi gba àga iwájú, èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ta ni mo rí lórí pèpéle? Rájí, tòun ti fèrè rẹ̀!

Háíláìfù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Wọ́n fi Yorùbá kí wa, wọ́n kọ díẹ̀ ní Haúsá, wọ́n tún kọ díẹ̀ ní Ìgbò. Àwọn Haúsá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàbá mi pàtẹ́wọ́, tíṣà Ìgbò kan nítòsí wa fò sókè. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wa, inú mi sì dùn. Bàbá mi ò mira. Àmọ́ mo yọjú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó ń jó!

Ìgbà tó yá, Rájí nìkan bọ́ síwájú, ó fọn orin orílẹ̀-èdè wa tuntun. Gbogbo èèyàn dìde, tìjòyè tìmẹ̀kúnnù. Bàbá mi náà dìde, ó ṣí fìlà, ó dúró ṣánṣán títí Rájí fi parí.

Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ dé Bẹẹrẹ, ìyá mi fi orúkọ mi pe bàbá mi. Ló bá ní, "Bàbá Síkírá, ẹ kú ìdìde o."

Bàbá mi ní Nàìjíríà lòun dìde fún, kì í ṣe alágbe.

"A gbọ́. Ẹnu fèrè ta ni Nàìjíríà gbà jáde?"

Bàbá mi wò ó, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rájí kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kó fi fèrè sílé! Ẹ mọ ẹni tó ń béèrè fèrè lọ́jọ́ yìgì wa? Òun kan náà!

Ẹ má fojú tín-ín-rín olórin. Orílẹ̀-èdè ò lẹ́nu, àwọn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Rájí ti lọ sí àlùjánnà. Ìjọba pa orin yẹn tì títí, wọ́n sì tún ti mú un padà. Tí rédíò bá ti gbé e, orúnkún ì báà máa dùn mí, màá dìde. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á bi mí bóyá Nàìjíríà ni mò ń dìde fún àbí bàbá àgbà. Mo ní kí wọ́n na ọ̀pá mi sí mi jàre.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orin wo ló ń gbé ẹ̀yin dìde, ta lẹ sì ń dìde fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n gbọ́.