Isápá Tí Mo Fi Iná Ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti kú báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, síbẹ̀ mo ṣì ń bínú sí i. Ọdún tí mo wọlé ọkọ ló ti sọ ọ́ lójú èèyàn pé ìyàwó tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló ń dì mú láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè mọ isápá sè. Isápá funfun ló ń wí, èyí tí àwa Ìgbómìnà fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kì í ṣe pupa tí gbogbo Minna fi ń ṣe sobo mímu. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó wá ránṣẹ́, ní ìparí àwọn ọdún 1990, pé òun ń bọ̀ wá kí àbúrò òun ní ìparí oṣù kọkànlá, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó má jẹun lọ́nà. Isápá tútù láti inú ọgbà mi ni yóò jẹ.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí nígbà náà, Bosso ní Minna là ń gbé. Mo ti gbin ebè isápá méjì sí ẹ̀yìnkùlé láti oṣù kẹfà. Lọ́dún tó ṣáájú, kí n tó dìde ká a, ẹnì kan ti ká ìdajì lọ. Mi ò ní ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n mo ní aládùúgbò: obìnrin Ìlọrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú níwájú ilé wọn. Òun náà gbin isápá sẹ́yìn ilé tirẹ̀, wọn kì í sì í jí tirẹ̀. Èyí ti tó fún mi láti dá ẹjọ́, èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n dán nǹkan wò kí wọ́n tó gbà á.

Mo bá ní kí oníṣẹ́ iná gbé gílóòbù ńlá kan kọ́ sórí òpó láàárín ebè mi. Láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ló ń tàn. Iná kì í sábà lọ ní àdúgbò wa nígbà náà.

Ọkọ mi wò ó, ó ní, "Ṣé isápá là ń ṣọ́ ni, àbí báńkì?"

Mo ní ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní jẹ níbẹ̀.

Oṣù kẹwàá dé. Isápá aládùúgbò mi, tí ilé rẹ̀ ṣíji bò tí iná mi kò fi dé ibẹ̀, yọ òdòdó. Tèmi ga jù mí lọ, ewé lásán. Mo da fọ́tíláísà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé náà fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ni inú wọn dùn. Ni mo bá lọ dúró ní ẹ̀bá ọgbà, mo pe aládùúgbò mi.

"Alhájà, kí lẹ dà sí isápá mi?"

"Haba, Tíṣà. Isápá tó fẹ́ ga tó òpó iná yìí? Kí ni mo tún fẹ́ dà sí i?"

"Lọ́dún tó kọjá, ẹ jí i ká. Lọ́dún yìí, ẹ fẹ́ pa á."

Àwọn ọmọ kéú ti yọjú láti iwájú ilé. "To," ni Alhájà fi Hausa wí, pé ó dáa, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà kò kí mi mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá, mo jókòó ti ìdánwò tí mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìbéèrè náà: kí ló dé tí àwọn ewéko kan kì í yọ òdòdó àfi tí òru bá gùn? Ọmọbìnrin kan tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní irú ewéko bẹ́ẹ̀ ní aago nínú, tó fi ń wọn gígùn òkùnkùn. Tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òru sì ń gùn sí i, aago náà á sọ fún un pé àkókò tó. Tí èèyàn bá tan iná sí i lóru, á rò pé òru ṣì kúrú, á kàn máa ta ewé kiri. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé: "Àpẹẹrẹ ni isápá ẹ̀yìnkùlé tíṣà wa."

Mo gbé bírò pupa sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, tí mo ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Máàkì mẹ́wàá ni ìbéèrè náà gbà. Mo fún un ní mẹ́sàn-án. Mo yọ ọ̀kan nítorí àfojúdi.

Mo pa gílóòbù lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ìrètí. Isápá yóò kọ́kọ́ ka òru tirẹ̀, kó tó yọ òdòdó, kí èso rẹ̀ tó wú. Ó ju oṣù kan lọ, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí àlejò mi dé. Ibi kan ṣoṣo tí isápá funfun tútù wà nítòsí ni mo mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ni mo tó lọ.

"Alhájà, mo wá bẹ̀ yín ni. Iná tí mo gbé kọ́ ló ṣe isápá mi bẹ́ẹ̀." Mo ṣàlàyé.

Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ò jẹ́ kó sùn."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀."

"Ti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Mi ò mọ ẹni tó ká a."

"Ojú àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ ti pè mí lólè. Ojú wọn náà lẹ ó ti sọ méjèèjì. Ẹ fi Hausa sọ ọ́ o. Yorùbá wọn ò tó nǹkan."

Bí mo ṣe dúró níwájú àwọn ọmọ kéú tó gbé wàláà lọ́wọ́ nìyẹn. Hausa ọjà ni mo gbọ́: mo lè fi ná tòmátì, mi ò lè fi sọ ti aago inú ewé. Mo sọ ọ́ ṣá. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ewúrẹ́ pàápàá kì í bímọ tí iná bá ń tàn. Alhájà kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí n dáhùn tán, ó sì kó isápá kún abọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi òkèlè nu abọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó," ó ní, "oko ta ni isápá yìí ti wá?"

"Inú ọgbà mi ni, mà."

Mo ti sọ òtítọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní Hausa. Mi ò rí ìdí tí mo fi ní láti tún sọ òmíràn ní Yorùbá.