Bàálù Kòmandáà àti Òrùlé Kétu

Ìtàn tí gbogbo ará Avépozo ní Lomé kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Sùlìámọ́nù ni ti ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ já bọ́ láti ojú ọ̀run nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ròdíyátù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń rọ bísáàpù, omi ìsápá tó ń tà, sínú ọ̀rá, nígbà tó gbọ́ igbe.

“Ìyá Raïssa! Pa firíìjì! Pa á kíá! A ti ń já bọ́!”

Geneviève tó ń yan ẹja lójú títì níwájú ilé wọn kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n igbe ikú kò ní èdè. Ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó gbé korobá omi, ó já wọlé. Ó bá bàbá arúgbó lórí àga, ó fi ọ̀já tí wọ́n fi pọn Raïssa ọmọ wọn nígbà kékeré so ara rẹ̀ mọ́ àga náà gírígírí, ó di ọ̀pá ìwakọ̀ géèmù mú, òógùn bò ó. Lójú kọ̀ǹpútà, bàálù dúró gbagidi sójú ọ̀run, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn.

Geneviève fi èdè Mina bi í pé kí ló fẹ́ pa á.

“Igi ni,” ni Sùlìámọ́nù dá a lóhùn. “Igi ti pọ̀ jù.”

Geneviève wò yíká pálọ̀, kò rí igi. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀, ẹja ti di èédú. Òun ló sọ ọ́ ní Kòmandáà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá awakọ̀ bàálù, láti ọjọ́ náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Iṣẹ́ firíìjì títúnṣe ni Kòmandáà ṣe jẹun ní àdúgbò Adewui kí àgbà tó dé. Nígbà tí Raïssa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou, ra kọ̀ǹpútà àlòkù fún un, tó sì fi géèmù bàálù wíwà sínú rẹ̀ kí bàbá má baà máa rojú, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì kọjú fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé sí i.

“Èmi ńkọ́?” ni Ròdíyátù bi í. Páálí ló fi ń fẹ́ ara.

“Ṣé ìwọ ń gbé èrò ni?”

Kétu tó wà lókè Cotonou làwọn méjèèjì ti wá. Ẹ̀yìn tó ń dun Ròdíyátù ò jẹ́ kó lè jókòó nínú mọ́tò dé ọ̀hún mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti rí ilé bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tó rí i pé bàálù inú kọ̀ǹpútà ń fi Lomé hàn láti òkè, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

“Bàbá Raïssa, ṣé nǹkan yìí lè dé Kétu?”

“Kétu? Màá gbé ẹ débẹ̀. Wàá fi ojú ara rẹ rí òrùlé bàbá rẹ.”

Áà, ẹnu dùn ún ròfọ́! Bí Kòmandáà bá ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú kan, á máa wù ú kí wọ́n kí i káàbọ̀. Geneviève á ké láti ìdí ẹja pé “Woezon!”, Kòmandáà á sì dáhùn láti inú pálọ̀, á fà á gùn: “Yoooo!” Ròdíyátù nìkan ni kì í kí i.

“Ẹni tí kò kúrò lórí àga, a kì í kí i káàbọ̀,” ló máa ń wí. “Ọjọ́ tí mo bá rí òrùlé bàbá mi ni mo máa kí yín.”

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí Kòmandáà sinmi. Kọ̀ǹpútà kò lágbára, bí wọ́n bá sì ti ń sún mọ́ Kétu ni bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Raïssa ló fi yé e lórí fóònù pé àwòrán tó pọ̀ jù ló ń di ẹrù lé e lórí, ibì kan sì wà nínú géèmù tí èèyàn ti lè dín wọn kù: ìkùukùu, òjìji, igi, ilé, ìgbì òkun. Kòmandáà ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ọ̀nà kan náà láti Lomé sí Kétu.

“Béèyàn bá kó gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà,” ó ní, “báwo ló ṣe máa mọ olè?”

Ó yọ òjìji. Bàálù yá díẹ̀. Ròdíyátù wọlé, ó wo ilẹ̀ abẹ́ bàálù títí.

“Òjìji ẹ̀ dà?”

“Mo yọ ọ́.”

“Ẹ yọ kí ni? Aúsùbiláhì! Ohun tí ò ní òjìji, ṣé ohun ayé ni? Ẹ dá a padà, àbí kí n kó ẹrù mi!”

Ó dá a padà. Bó bá ti gbé bísáàpù jáde lọ tà, á tún yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Kòmandáà yọ ilé. Háà! Bàálù fò bí ẹyẹ. Ó pariwo pe ìyàwó rẹ̀, ó tún pe Geneviève mọ́ ọn, ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. “Kétu rèé!”

Ròdíyátù wò ó. Ilẹ̀ pupa, ọ̀nà kan, ó tán.

“Ilé dà?”

“Ilé gan-an ni olè náà. Ilé ló ń fà wá sẹ́yìn, mo bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò.”

“Kétu tí wọ́n bí mi sí kì í ṣe oko ẹ̀gẹ́, Bàbá Raïssa!”

Geneviève rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kòmandáà ò rẹ́rìn-ín. Ó dá ilé padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń wọ agbádá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó rí aṣọ ọdún. “Ìyá Raïssa, múra. Tí mo bá ti kírun dé, a ti ń lọ. Mo ti mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.”

“Ẹ ti mọ̀ ọ́n rí,” ni Ròdíyátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kòmandáà foríkanlẹ̀ ní mọ́sáláṣí, kò sì gbórí sókè mọ́. Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kó fọ̀run kẹ́ ẹ.

Ooru mú gan-an lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n Ròdíyátù ò lè yí fáànù. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọjú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà náà ló wà. Ó dùn ún wọra pé òun ò kí ọkùnrin yìí káàbọ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́ tán ni Raïssa tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé.

“Màmá, ẹ wá wo nǹkan tí Bàbá ṣe! Ó ti yọ ìkùukùu. Ó yọ igi. Ó yọ ìgbì òkun.”

“Òjìji ńkọ́?”

“Ó yọ ọ́.”

“Mo mọ̀. Olóríkunkun.”

“Bàálù fúnra rẹ̀ dà bí èyí tí ọmọdé fi páálí ṣe. Gbogbo nǹkan ló fà wálẹ̀ pátápátá, àfi ilé. Ilé nìkan ló fi sókè dé góńgó.”

Ibi tí Kòmandáà dá ìrìn náà dúró sí kò ju ìtòsí Kétu lọ. Ròdíyátù jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Ọ̀já ṣì wà lára àga. Ó fi di ara rẹ̀. Raïssa mú ọ̀pá, bàálù sì gbéra nílẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kò tiro. Páànù pupa ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

“Ibẹ̀ yẹn,” ni Ròdíyátù wí. Ó na ìka sí i. “Èyí tó wà níkọ̀rọ̀ yẹn.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?”

“Ibi tí bàbá mi kọ́ ọ sí ló wà.”

Ó wò ó títí wọ́n fi kọjá. Raïssa rọra mú bàálù balẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa kan. Ròdíyátù gbé ohùn sókè, àfi bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀, Kòmandáà! Ẹ kú ewu ọ̀nà o!”

Geneviève tó wà nídìí ẹja rẹ̀ lójú títì gbọ́ ọ, ó mọ ohun tó jẹ́, ó sì bá Kòmandáà dáhùn, ó fà á gùn bó ṣe máa ń fà á.

“Yoooo!”